Yanrìn Odò Kọ́ La Fi Ń Fọ Tọ́báìnì

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn oníṣẹ́ irin àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ti ń lu irin kí wọ́n tó bí mi, mo kí yín tìyẹ́tìyẹ́. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ti Kétu àti Ìdáàṣà wá, ẹ kú ìrìn. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí sablage. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n: afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á ti hóró wẹ́wẹ́ gba inú rọ́bà, á jáde lẹ́nu páìpù kékeré, á sì máa lu irin títí ìpẹtà tàbí ọ̀dà àtijọ́ yóò fi ṣí kúrò. Ọ̀pọ̀ yín ń fi ṣe géètì, táńkì omi àti férémù ọkọ̀ àjàgbé. Ti tọ́báìnì, ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ tí omi, ooru tàbí gáàsì ń yí, ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí ìyà tí géètì lè jẹ kó má ṣe é ní nǹkan kan, tọ́báìnì ò lè jẹ ẹ́.

Ẹ má wò ó bí ohun tó jìnnà sí wa. Ìlú ṣúgà nìlú yìí. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń fún ìrèké, pàǹtí rẹ̀ ni wọ́n sábà ń dáná sí abẹ́ omi. Omi á di ooru, ooru náà á sì yí tọ́báìnì tó ń wa ẹ̀rọ ìfúnrèké tàbí tó ń pèsè iná mànàmáná. Ní Nangbéto ní Tógò, níbi tí díẹ̀ lára iná tí à ń tàn ti ń wá láti 1987, omi odò Mono ló ń yí i. Níbòmíràn, gáàsì ni wọ́n ń jó láti yí i. Gbogbo wọn ló ní abẹ̀bẹ̀ tí ń yí, gbogbo wọn ló sì ń dọ̀tí. Ti ooru omi, iyọ̀ àti silica, ohun kan náà tó wà nínú yanrìn, láti inú omi tí wọn ò sẹ́ dáadáa ló ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí á le koko. Ti gáàsì, ọyẹ́ ń gbé eruku wá láti òkè, òkun ń gbé iyọ̀ wá láti ìsàlẹ̀, epo tí kò mọ́ sì ń fi èérí dúdú sílẹ̀.

Ìbéèrè tí oníṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń bi ni pé, kí ló máa ṣí ìdọ̀tí yìí kíákíá? Èmi ò fẹ́ràn ìbéèrè yẹn. Ohun tó yára ṣí ìdọ̀tí ló tún ń yára ṣí irin. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ta ló máa gba abẹ̀bẹ̀ yìí lọ́wọ́ mi, kí ló sì fẹ́ wò lára rẹ̀? Bí ẹ bá mọ ìyẹn, èròjà tó yẹ kẹ́ ẹ lò á fẹ́rẹ̀ẹ́ fara hàn fúnra rẹ̀.

Ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Abẹ̀bẹ̀ tọ́báìnì gáàsì ni, ti ìhà tó gbóná. Ẹ gbà á, ẹ jẹ́ kó lọ yíká. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe wúwo: nickel ló pọ̀ jù nínú irin rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ rí i bó ṣe tín-ín-rín tó. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àwọn ihò tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ìránṣọ nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ tútù ló ń gba ibẹ̀ jáde, nítorí gáàsì tó ń kọjá lára abẹ̀bẹ̀ yìí lè gbóná ju 1,000 °C lọ. Bí ihò kan bá dí, ibi tó wà níwájú rẹ̀ á gbóná jù, á sì jó. Ìdí rẹ̀ tí wọ́n gé ní ìpele-ìpele yẹn ló há sínú àgbá tí ń yí, wọ́n wọn ìyẹn débi pé bí ẹ bá gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kò ní jókòó dáadáa mọ́. Abẹ̀bẹ̀ tọ́báìnì ooru omi yàtọ̀. Irin tí chromium inú rẹ̀ tó nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, kò ní ihò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán. Bí ojú rẹ̀ bá rí hágahàga, tọ́báìnì á máa jẹ ooru púpọ̀ kó tó mú iná díẹ̀ wá, ẹni tó ń sanwó epo ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ jẹ́ kí n gbé yanrìn kúrò lójú ọ̀nà ná. Benjamin Chew Tilghman, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí fífi yanrìn fẹ́ nǹkan ní 1870, orúkọ yanrìn náà sì ti lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí yanrìn ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn òkè tó yí wa ká níhìn-ín, granite ni wọ́n. Bí òjò àti oòrùn ṣe ń jẹ wọ́n, quartz inú wọn ló ń di yanrìn tí à ń kó létí odò Ọ̀pàrà. Silica gan-an ni quartz. Bí ẹ bá fi lu irin, hóró kan á fọ́ di àìmọye, èyí tí ojú ò lè rí nínú eruku náà á bá èémí wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni á sì jókòó sí. Silicosis ni wọ́n ń pe àìsàn tó ń ti ibẹ̀ wá. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn. Òfin Gẹ̀ẹ́sì lé yanrìn kúrò nídìí fífọ irin tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe ní 1949. Òfin Faransé ní 1969 kò gbà kí èèyàn fi ohun tí silica inú rẹ̀ bá ju 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ṣe sablage gbígbẹ. Ní Tọ́kì, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi yanrìn fẹ́ ṣòkòtò jíìnsì kí ó lè rí bí èyí tó ti gbó ni àìsàn náà mú, ìjọba wọn fòfin dè é ní 2009. Ṣòkòtò lásán o! Áńkáṣíìfù tí ẹ̀yin ń so mọ́ imú, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, kò dá eruku yẹn dúró. Èròjà yòówù kẹ́ ẹ máa lò, àkẹtẹ̀ tó bo orí dé èjìká, tí afẹ́fẹ́ tó mọ́ ń gba rọ́bà tirẹ̀ wọlé, ni ẹni tó di páìpù mú gbọ́dọ̀ dé.

Ká tiẹ̀ ní ẹ̀dọ̀fóró ò sí nínú ọ̀rọ̀, yanrìn odò ò ní ìwọ̀n kan. Hóró ńlá, hóró kékeré, amọ̀, iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ló pọ̀ mọ́ra. Ìwọ̀n sì ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Bí hóró kan bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì èkejì, ìlọ́po mẹ́jọ ló fi wúwo jù ú lọ, ìlù rẹ̀ á sì le tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára ìlù náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tó bá mú hóró ńlá tó tún ṣí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tán, ó ń gbẹ́ irin ni, kò fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ tún wo apá kejì rẹ̀: kílò kan hóró kéékèèké ní ìlọ́po mẹ́jọ iye hóró tó wà nínú kílò kan èyí tó fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Ìlù kéékèèké tó pọ̀ máa ń ṣí èérí tín-ín-rín ju ìlù ńlá díẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀gá kan ò gbà á gbọ́ títí wọ́n fi gbìyànjú rẹ̀ fúnra wọn.

Nínú àwọn èròjà líle, corindon, ìyẹn hóró aluminium oxide, la kọ́kọ́ ń bá pàdé. Lórí òṣùwọ̀n líle tí Mohs ará Jámánì ṣe, tí dáyámọ́ǹdì wà ní 10, corindon wà ní 9. Ó ní etí mímú, gígé ló ń gé. Bí wọ́n bá fẹ́ fi iná fọ́n ìbora tuntun sí ara irin, corindon hóró ńlá ló yẹ, torí ìbora náà fẹ́ ojú hágahàga tó máa dì mú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fọ abẹ̀bẹ̀ tọ́báìnì ooru omi lásán, ìwọ̀n 220 ni kẹ́ ẹ mú, tí hóró rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 60 micron (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mìlímítà kan), kẹ́ ẹ sì fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣe é. Ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ dúró lójú kan. Ẹ má dojú páìpù kọ irin ní tààrà. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, torí hóró tó bá wá ní tààrà máa ń rì sínú irin, á sì jókòó síbẹ̀. Èyí tó funfun mọ́ ju èyí tó ràwọ̀ ilẹ̀ lọ, ó sì wọ́n jù ú lọ. Fún nickel, ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó náà.

Microbilles ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù. Hóró dígí rogodo kéékèèké ni, ó máa ń mú irin dán lọ́nà tó wu ojú, oníbàárà á rí i, á sì rẹ́rìn-ín. Òun ló ń fa ìjàǹbá tí kò pariwo. Dígí yìí kò gé irin, ńṣe ló ń tẹ ojú rẹ̀ wọlé. Láyè tirẹ̀, ohun tó dára ni, torí irin tí ojú rẹ̀ ti fún pọ̀ kì í tètè sán. Àmọ́ ẹ rántí ẹni tó máa gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ yín. Onídánwò ressuage ni. Á fi omi aláwọ̀ kan kùn ún, omi náà á rá wọ ibikíbi tó bá ti sán. Á nu ojú rẹ̀ gbẹ, á wọ́n àtíkè funfun sí i, á wá tan iná aláwọ̀ elése àlùkò sí i nínú òkùnkùn. Ibi tó sán á pọ omi náà padà sójú, á máa tàn yòò bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ti fi microbilles lù ú kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ojú irin ti fà bo ẹnu ibi tó sán, bí ìgbà tí onílé fi amọ̀ ra ògiri tó là kó tó pe ayálégbé wá wò ó. Omi ò ní ráyè wọlé, iná ò ní tàn, onídánwò á kọ̀wé pé kò sí nǹkan kan, abẹ̀bẹ̀ á padà sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí tọ́báìnì bá ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ò ní fẹ́ wà nítòsí ibi tí abẹ̀bẹ̀ tó sán bá ti ṣẹ́. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló máa lọ, á gba àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dànù.

Corindon náà ń ṣe irú rẹ̀ bí wọ́n bá fi agbára lù ú. Àtúnṣe wà: wọ́n lè fi ásíìdì jẹ ojú irin fẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹnu ibi tó sán lè ṣí padà. Iṣẹ́ tó náni lówó, tó sì léwu ni, kì í ṣe ohun tí a ń ṣe nínú ilé iṣẹ́ kékeré. Ohun tó rọrùn jù ni ká tò ó bó ṣe yẹ: ẹ fọ òróró kúrò, ẹ fi èròjà rírọ̀ ṣí ìyókù, ẹ jẹ́ kí ressuage wáyé, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lo microbilles, bí ìwé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ bá ní kẹ́ ẹ lò ó. Bí ìwé náà bá sì dárúkọ èròjà kan, ọ̀rọ̀ tèmi ò ju ti ìwé lọ o.

Ohun kan tún wà nípa dígí. Ní nǹkan bí 700 °C ló ti ń rọ̀. Hóró mélòó kan tó bá há sínú ihò abẹ̀bẹ̀ yìí á yọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá gbóná, á sì dí ihò náà. Ẹni tó bá fọ abẹ̀bẹ̀ oníhò láìfi afẹ́fẹ́ gbígbẹ tú ihò kọ̀ọ̀kan wò, kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Grenaille, hóró irin yẹn, ti ìta ẹ̀rọ tó jẹ́ irin lásán ni. Ibẹ̀ ó ṣe é gan-an. Ẹ má gbé e sún mọ́ irin tí kì í dípẹtà, tàbí nickel, tàbí titanium. Á fi eérún irin sílẹ̀ lára wọn, eérún náà á dípẹtà, ẹ ó sì rí irin tí wọ́n ní kì í dípẹtà tó ń pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ jù kì í ṣe pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ lò ó. Táńkì sablage kan náà ni wọ́n fi ṣe férémù ọkọ̀ lánàá, òun náà ni wọ́n da corindon sí lónìí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Mo mú òòfà wá, mo sì wé e mọ́ inú ọ̀rá. Ẹ wò ó bí mo ṣe ń rì í bọ inú àpò corindon yìí, tí mo ń rò ó yíká. Mo fà á yọ. Ẹ rí irun dúdú wẹ́wẹ́ tó dúró lára rẹ̀ yẹn? Irin ni. Àpò yìí ti bàjẹ́ fún iṣẹ́ tọ́báìnì. Èkejì rọrùn bẹ́ẹ̀: ẹ da ẹ̀kúnwọ́ èròjà sínú ife dígí tó mọ́, ẹ bu omi tó mọ́ lé e, ẹ dé e, ẹ mì í, kẹ́ ẹ sì gbé e kalẹ̀. Bí awọ òróró bá léfòó lójú omi, bóyá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yín ló ń tu òróró sínú afẹ́fẹ́, tàbí kó jẹ́ pé ẹ ò fọ òróró abẹ̀bẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó lù ú. Èyí tó wù kó jẹ́, òróró náà ni ẹ ó máa fi lu gbogbo abẹ̀bẹ̀ tó kù.

Ó ku àwọn èròjà rírọ̀, ibẹ̀ lọkàn mi sì wà. Òyìnbó ń lọ èèpo àsálà tiwọn àti ṣùkù àgbàdo, wọ́n ń fi asẹ́ yà wọ́n ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, wọ́n sì ń tà wọ́n. Wọ́n ń ṣí èédú àti èérí òróró láìfọwọ́ kan irin, wọn kì í sì í fa ojú irin bo ibi tó sán. Láyé àtijọ́, wọ́n tiẹ̀ máa ń da ìrẹsì tàbí èèpo àsálà sẹ́nu kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tọ́báìnì nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kó lè bá afẹ́fẹ́ wọlé fọ abẹ̀bẹ̀. Ìrẹsì tí èèyàn ì bá sè jẹ! Omi àti ọṣẹ ni wọ́n ń lò jù báyìí. Èròjà rírọ̀ ò lè ṣí ìpẹtà tó ti le tàbí silica tó ti dì mọ́ irin, ẹ má fi ọjọ́ yín ṣòfò lórí ìyẹn. Fún abẹ̀bẹ̀ tó ń lọ síbi ressuage, àwọn ni mo máa kọ́kọ́ dán wò.

Yìnyín gbígbẹ, ìyẹn gáàsì carbon dioxide tí wọ́n mú dì, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó tutù dé -78.5 °C, ó ń di gáàsì padà lẹ́yìn tó bá lu irin, kì í sì í fi hóró kankan sílẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó gbé e láti Kútọnu dé ibí nínú ooru yìí, ó ti ń tán lọ, bí ẹ bá sì lò ó nínú yàrá tó sé pinpin, gáàsì rẹ̀ lè gba èémí lẹ́nu yín. Bicarbonate rọ̀ púpọ̀, omi sì ń yọ́ ọ dànù, ṣùgbọ́n sodium wà nínú rẹ̀. Sodium inú iyọ̀ òkun yìí kan náà ló ń bá sulphur inú epo pọ̀ jẹ abẹ̀bẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Ẹni tó bá lò ó ní ìhà tó gbóná gbọ́dọ̀ fi omi tó mọ́ ṣàn án títí, kó sì tún ṣàn án.

Ìbéèrè mélòó kan ti wọlé. Àbúrò kan tó wá láti oko kajú bèèrè pé ṣé èèpo kajú ò lè ṣe iṣẹ́ èèpo àsálà, torí ó pọ̀ nílẹ̀ wa. Rárá o, àbúrò mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́ kajú mọ ohun tí òróró inú èèpo rẹ̀ ń ṣe sí ọwọ́. Bí ẹ bá fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, ojú àti awọ ara ló máa kọ́kọ́ jẹ. Èèpo ẹkùrọ́ sàn ju ìyẹn lọ. Ó le, kò sì jẹ ara. Bí ẹnì kan bá lè fọ òróró rẹ̀ kúrò, kó gbẹ ẹ́ dáadáa, kó lọ̀ ọ́, kó sì fi asẹ́ yà á, mo máa bá a fi irin tí kò já mọ́ nǹkan kan dán an wò pẹ̀lú ayọ̀. Tọ́báìnì kọ́ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Bàbá wa níwájú níbí bèèrè pé ìgbà mélòó ni a lè lo èròjà kan náà. Ó wà lọ́wọ́ irú rẹ̀, bàbá. Ẹ gbé díẹ̀ sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Bí microbilles bá ti ń fọ́ tó ń ní etí mímú, tó bá ti pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ dà á nù, torí gígé ló kù tí á máa gé. Corindon tó bá ti di eruku náà, ó ti parí. Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ńṣe ni á kàn máa bo ojú yín.

Èyí tó kẹ́yìn, ibi tí wọ́n máa da pàǹtí rẹ̀ sí. Mo dúpẹ́ pé ẹnì kan bèèrè. Chromium, nickel àti vanadium wà nínú ohun tó ń bọ́ lára tọ́báìnì. Bí ẹ bá rí àtíkè aláwọ̀ ìyeyè lára bọ́ọ̀tì tàbí lábẹ́ ìbora tó ń dá ooru dúró, ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án: chromium tó ti di májèlé lè ti wà níbẹ̀, èyí tó máa ń jáde nígbà tí chromium inú irin bá pàdé calcium nínú gíríìsì tàbí ìbora nínú ooru. Ẹ fi omi rẹ ẹ́, kẹ́ ẹ fi aṣọ tútù nù ún pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Pàǹtí sablage tọ́báìnì ò gbọ́dọ̀ dé etí odò Ọ̀pàrà, kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú símẹ́ǹtì tí wọ́n máa fi kọ́lé. Ẹ kó o sínú àgbá tó ní ìdérí, ẹ kọ orúkọ irin tó ti ara rẹ̀ bọ́ sí i lára pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dá a padà fún ẹni tó ni tọ́báìnì. Òun ló mọ ibi tó yẹ kó kó o lọ, ẹ sì kọ iye tó máa ná an sínú ìwé owó iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.